Ooru, Èrò àti Àgọ́: Ìrìnàjò Wa Létíkun Ìlà-Oòrùn Amẹ́ríkà

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Maryland pé inú àgọ́ létí òkun la fẹ́ máa sùn nígbà họ́lìdé àwọn ọmọ, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé kò sí o, ṣé ilé wa jóná ni? Èsì mi ò gùn. Ẹ lọ wo iye tí wọ́n ń gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan létíkun ní oṣù keje, kí ẹ wá ka ìyàwó, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ẹni mọ́ ọn. Àgọ́ ló bá àpò wa mu.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó kọ́ ló gbé mi dé ibí. Ohun tí mo rí ni pé, létíkun nígbà ooru, ibi tí ènìyàn lọ kọ́ ló ń sọ bóyá yóò gbádùn ara rẹ̀, bí kò ṣe aago tó fi wà níbẹ̀. Iyanrìn kan náà tí ẹsẹ̀ ò lè tẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, ìgbádùn ni ní aago mẹ́fà àárọ̀. Màmá mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn ti mọ èyí kó tó wọ bàálù. Àwa tí a ti pẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni kò rántí mọ́.

Ọ̀nà tí a gbà nìyí: a gba Maryland sọdá Afárá Chesapeake lọ sí Assateague, a gba etíkun Virginia sọ̀kalẹ̀ sí Outer Banks ní North Carolina, a dé Myrtle Beach àti Charleston ní South Carolina, a sì parí rẹ̀ sí Hunting Island, nítòsí Beaufort. Àyè àgọ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ létíkun wọ̀nyí, oṣù mẹ́fà ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣí púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbà á lórí recreation.gov. Ẹni tó bá fẹ́ àyè oṣù keje, oṣù kìn-ín-ní ni kó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, nígbà tí yìnyín ṣì bo gbogbo àgbàlá. Ìyàwó mi ló ṣe iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì pàṣẹ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rú: a ò ní wa mọ́tò láti ìlú kan sí òmíràn ní Sátidé. Ibi tí Sátidé bá bá wa, ibẹ̀ la ó jókòó sí.

Àṣẹ yẹn ló gbà wá. Afárá Chesapeake tó wà nítòsí Annapolis gùn ju máìlì mẹ́rin lọ. Ọdún 1952 ni wọ́n ṣí èkíní, wọ́n ṣí ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 1973, síbẹ̀ méjèèjì kì í gba èrò tó ń lọ sí òkun ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun la fi jáde nílé ní tiwa, ojú ọ̀nà sì dá páropáro. Kí àwọn ọmọ tó jí, a ti sọdá.

Ní ti Ocean City, a kàn gba inú rẹ̀ kọjá ni. Nígbà òtútù, àwọn tó ń gbé ìlú náà kò ju nǹkan bí 7,000 lọ. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ ìgbà ooru, wọ́n máa ń ju 300,000 lọ. Ẹ fojú inú wo Ìdúmọ̀tà tí gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ wọ ṣòkòtò péńpé. A ra ìpápánu díẹ̀, a wo òkun fírí, a sì kọjá sí Assateague tó wà lódìkejì omi. Ìjì oṣù kẹjọ ọdún 1933 ló gé ilẹ̀ náà sí méjì, tí Assateague fi di erékùṣù lọ́tọ̀. Ilé gíga ló kún apá kan. Iyanrìn, koríko àti ẹṣin ẹhànnà ló wà lápá kejì.

Èèkàn tó bá àgọ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe fún iyanrìn. Kúkúrú ni, afẹ́fẹ́ kan péré ló máa fà á tu. Àwọn tó ń bójú tó ọgbà náà ti kìlọ̀ pé kí ènìyàn mú èèkàn gígùn wá, ìyàwó mi sì ti ra tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ò gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn. Láàárọ̀ kùtù, àgọ́ rẹ̀ ti ń yí gbirigbiri lọ sínú koríko, òun náà sì ń sáré tẹ̀lé e tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Màmá mi ló dá a lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀. Ọdún gbọọrọ ni màmá mi fi ta aṣọ ní Gbági, wọ́n mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń fi agboòrùn ìpàtẹ ṣe. Wọ́n ní kí ọmọ náà rọ iyanrìn sínú àpò, kó so okùn àgọ́ mọ́ àpò náà, kó wá gbẹ́ ilẹ̀ kó sì rì í mọ́lẹ̀. Èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Àgọ́ náà kò ṣí nídìí mọ́ títí tó fi kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Ibi àgọ́ méjì ni ìjọba àpapọ̀ ní níbẹ̀. Ọ̀kan wà lápá òkun, èkejì wà lápá ọ̀sà. Tí ẹ bá wo àwòrán, ti ọ̀sà ló máa wù yín, nítorí omi ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ má tẹ̀lé àwòrán. Nígbà ooru, afẹ́fẹ́ ni kí ènìyàn máa wá. Tó bá ń ti òkun fẹ́ wá, ẹ̀fọn ò ní lè dúró. Tó bá yí padà tó ń ti orí ilẹ̀ fẹ́, gbogbo ẹ̀fọn àti eṣinṣin ajẹni tó wà nínú àbàtà ló máa bá a wá. Apá òkun la gbà, síbẹ̀ náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ yí padà lé wa lórí.

“Ẹ̀fọn rèé!” ni màmá mi wí, wọ́n na ọwọ́ gbá itan ara wọn. “Ní Amẹ́ríkà?”

“Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wọlé, mà,” ni ìyàwó mi dáhùn.

“Ká wọlé síbo? Sínú ọ̀rá yìí?”

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ẹni tó pe àgọ́ yẹn ní àgọ́ mọ́ láàárín wa. Ọ̀rá ni gbogbo wa ń pè é.

Ní ti ẹṣin, àwọn ọmọ ti rò pé àwọn máa fọwọ́ kàn án. Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé kí ènìyàn jìnnà sí wọn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, torí wọ́n ń tapá, wọ́n sì ń gé ni jẹ. Inú mọ́tò tó tì pa ni oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà, nítorí ẹṣin wọ̀nyí mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí kúlà. A fojú ara wa rí èyí tó fi imú ṣí kúlà àwọn aládùúgbò wa, tó jẹ búrẹ́dì inú rẹ̀ tọ̀rá-tọ̀rá kí ẹnikẹ́ni tó lé e. Ní apá Virginia erékùṣù náà, àwọn panápaná ìlú Chincoteague ló ni ẹṣin ibẹ̀. Láti ọdún 1925 ni wọ́n ti ń dà wọ́n lúwẹ̀ẹ́ sọdá omi lọ́dọọdún, ní Ọjọ́rú tó kẹ́yìn oṣù keje, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn a sì rọ́ wá wò ó. A ò lọ. Ìyàwó mi ti ka ohun tí ojú àwọn tó lọ rí: kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń dúró nínú ẹrẹ̀, oòrùn á sì bá wọn níbẹ̀. Ó ní kò sí ẹṣin tí òun fẹ́ rí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá dúró díẹ̀ lórí ooru, nítorí òun gan-an ni ọ̀gá ìrìnàjò yìí.

Àwọn ará ibi iṣẹ́ mi máa ń sọ pé ọmọ Áfíríkà kò ní ka ooru sí. Ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan ni. Nílé, ẹni tó ní làákàyè kì í jókòó sójú oòrùn lọ́sàn-án gangan. Abẹ́ igi máńgòrò, ọ̀dẹ̀dẹ̀, fèrèsé méjì tó kọjú síra wọn kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kọjá, oorun ọ̀sán: ọgbọ́n tí a fi ń sá fún oòrùn ni gbogbo wọn. Òyìnbó ló máa ń na ara rẹ̀ sílẹ̀ ní aago kan ọ̀sán, táá máa yan ara rẹ̀ lódìkejì-lódìkejì.

Ooru etíkun yẹn sì ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìwọ̀n 95 Fahrenheit tí wọ́n ń pariwo, 35 Celsius ni. Ara wa ti mọ̀ ọ́n ní oṣù kẹta nílé. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló fi ń burú. Gbígbẹ tí òógùn ń gbẹ ló ń gba ooru kúrò lára. Tí afẹ́fẹ́ bá ti mumi yó, òógùn á kàn máa ṣàn, kò ní gbẹ, ara ò sì ní tutù. Ẹ wá fi àgọ́ kún un. Nígbà tó bá fi máa di aago méje àárọ̀, tí oòrùn bá ti gun orí ọ̀rá yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ kò le. Aṣọ òjò tó máa ń bo orí àgọ́, a ń ká a kúrò lálẹ́ tí ojú ọ̀run bá ti mọ́, kó ku nẹ́ẹ̀tì nìkan, kí ooru lè ráyè jáde lókè. Lọ́sàn-án, a ń na tapólì sókè àgọ́, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kó fara kàn án. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni atẹ́gùn ń gbà. Ẹnu ọ̀nà àgọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, ì báà jẹ́ pé ẹ̀yìn la kọ sí òkun tó rẹwà. Màmá mi ní tiwọn á rẹ ìró sínú omi, wọ́n á fún un dáadáa, wọ́n á fi bo ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ibi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀ jù, èyí nìkan ò tó, àfi tí fáànù kékeré bá ń fẹ́ sí ìró náà. Nítorí fáànù yìí la ṣe sanwó kún owó lẹ́yìn Assateague, níbikíbi tí a bá ti rí àyè àgọ́ tó ní iná mànàmáná. Nínú gbogbo owó tí a ná, n ò rí èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀.

A wá tún ọjọ́ wa tò. Aago márùn-ún, gbogbo ilé ti jí. Láti mẹ́fà dé nǹkan bí mẹ́wàá, a wà létí omi, a ríbi gbé mọ́tò sí lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ariwo, àwọn apẹja nìkan la máa ń bá níbẹ̀. Nígbà tí àwọn èrò bá ń dé tàwọn ti àga àti rédíò, àwa ti ń palẹ̀ mọ́. Ibo la wá ń sá sí lọ́sàn-án? Ilé ìkàwé ìjọba ni! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìlú etíkun tí kò ní ọ̀kan. Ó tutù, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ẹni tó máa bi yín pé kí lẹ fẹ́ rà. Màmá mi á ka Bíbélì wọn níbẹ̀, àwọn ọmọ á wà nídìí kọ̀ǹpútà, èmi á gbàgbé ara mi sórí ìwé ìròyìn. Tó bá di nǹkan bí aago márùn-ún, èrò á ti máa lọ wá oúnjẹ alẹ́, àwa á padà sí òkun.

Oúnjẹ náà gba ọgbọ́n. Kí a tó kúrò nílé, ìyàwó mi ti se ọbẹ̀ ata, ó bù ú sínú àwọn ike áísìkiriìmù tí gbogbo ilé Yorùbá ń tọ́jú, ó sì fi wọ́n sínú fírísà títí wọ́n fi dì gbagidi. Àwọn ike yìí ló fi kún kúlà. Kò ra yìnyín. Bí ọ̀kan bá ti yọ́, a jẹ ẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú ìgò omi la ti mú kí omi mímu náà dì. Lọ́sàn-án, a kì í tan sítóòfù rárá, gàrí là ń mu: gàrí Ìjẹ̀bú, omi tútù, ẹ̀pà àti iyọ̀ díẹ̀ fún òógùn tó ti jáde lára. Ẹ má gbé igi ìdáná láti ilé o. Kòkòrò tó ń pa igi máa ń bá a rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé kí ènìyàn ra igi níbi tó bá ti máa dáná.

Láti Assateague, a sọ̀kalẹ̀ gba ìhà ìlà-oòrùn Virginia dé afárá ńlá tó sọdá ẹnu Chesapeake. Máìlì 17.6 ni, ọdún 1964 ni wọ́n ṣí i, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì rì wọ abẹ́ òkun kí ọkọ̀ ojú omi lè gba òkè rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ ń pariwo ayọ̀. Màmá mi ti dijú, wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù títí a fi jáde sójú ọjọ́. Virginia Beach ò sí nínú ètò wa, a kàn ra epo níbẹ̀ ni.

Outer Banks ni a ti jókòó wo Sátidé. Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń háyà níbẹ̀, láti Sátidé sí Sátidé ni wọ́n ń gbà á, nítorí náà ọjọ́ kan náà ni àwọn tó ń lọ àti àwọn tó ń bọ̀ ń pàdé lójú ọ̀nà. Ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, NC 12, òkun lápá kan, ọ̀sà lápá kejì. Láti abẹ́ tapólì wa ní Oregon Inlet, à ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rákò lọ.

Kò sí igi kan níbi àgọ́ yẹn. Afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ láìsinmi. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé afẹ́fẹ́ yìí àti iyanrìn rírọ̀ ibẹ̀ ló mú kí Wilbur àti Orville Wright fi Ohio sílẹ̀ wá gbìyànjú bàálù wọn ní Kill Devil Hills, títí ó fi fò ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1903. Àbíkẹ́yìn mi ní kí àwọn Wright wá fi afẹ́fẹ́ wọn lọ, kí òun lè sùn. Ní ìrọ̀lẹ́, a gun Jockey's Ridge, òkè iyanrìn ńlá kan. Ìrọ̀lẹ́ ni mo sọ o! Lọ́sàn-án, iyanrìn ibẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì, ó lè jó ẹsẹ̀ ọmọdé. Ó tún yẹ kí ẹ mọ̀ pé òjò àrá máa ń ṣàdédé dé létíkun ìhà gúúsù lẹ́yìn ọ̀sán. Àgọ́ kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ mànàmáná. Bí àrá bá ti kù, inú mọ́tò ni kí gbogbo ènìyàn sá sí.

Òkun ibẹ̀ le. Ìṣàn omi kan wà tó ń fa ènìyàn lọ sí agbami, kódà lọ́jọ́ tí ìgbì ò pọ̀. Ẹni tó bá ń bá a jà láti lúwẹ̀ẹ́ tààrà padà sí etí ni ó ń rẹ̀, tó sì ń kú. Kí ènìyàn fara balẹ̀, kó léfòó, kó lúwẹ̀ẹ́ ní ìbú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etíkun títí yóò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá yà sílẹ̀. Àsíá pupa méjì túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi rárá. Màmá mi, tí wọ́n ti fojú rí ohun tí Bar Beach ń ṣe láyé ìgbà tí wọ́n gbé Èkó, ò jẹ́ kí omi kọjá orúnkún àwọn ọmọ lọ́jọ́ tí kò bá sí adóòlà létí omi. Èmi ò bá wọn jiyàn.

Pea Island ò jìnnà síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì ni àwọn ọmọ mi ṣì ń sọ. Ní 1880, wọ́n fi Richard Etheridge, ọkùnrin tí wọ́n bí sóko ẹrú, ṣe olórí ibùdó àwọn adóòlà òkun níbẹ̀, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1896, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ E.S. Newman fọ́ nínú ìjì líle. Ìgbì pọ̀ débi pé ọkọ̀ ìdóòlà ò ṣe é tì sómi. Wọ́n bá so okùn mọ́ra, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n kó gbogbo mẹ́sàn-án tó wà nínú ọkọ̀ náà jáde láàyè. Ọdún 1996 ni ìjọba tó fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà dá wọn lọ́lá, nígbà tí gbogbo wọn ti kú tipẹ́.

Láti Hatteras, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò lọ sí Ocracoke jẹ́ ọ̀fẹ́, ìdí nìyẹn tí ìlà rẹ̀ fi ń gùn nínú oòrùn. A dé ibẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Èyí tó ń lọ láti Ocracoke sí Cedar Island, owó ni, ó ju wákàtí méjì lọ, ó sì yẹ kí ènìyàn ti gba àyè sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ti bá a pé ó kún rí ní ìgbà ooru.

Myrtle Beach wá jẹ́ ibi tí ara ti ni mí jù. Òpópónà kan ló kún fún mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù àwọ̀lékè àti gọ́ọ̀fù kéékèèké. Ohun kan tí àlejò ò mọ̀ níbẹ̀: láti Memorial Day ní ìparí oṣù karùn-ún dé Labor Day ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìlú náà kì í gba àgọ́ ibòòrùn ńlá létí omi, agboòrùn roboto nìkan ni. Wọ́n ní àwọn adóòlà ò ní lè ríran, ọkọ̀ wọn ò sì ní ríbi kọjá. Mo gbà pẹ̀lú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agboòrùn kan ò bo ènìyàn mẹ́fà. Ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní gúúsù ìlú náà la sùn, lábẹ́ igi gidi.

Ní ìhà àríwá ibẹ̀ ni Atlantic Beach wà, ìlú kékeré tí wọ́n ń pè ní Péálì Dúdú. Láti bí ọdún 1930 sí i ló ti jẹ́ etíkun àwọn aláwọ̀ dúdú, nígbà tí òfin ò gbà wọ́n láyè láti wọ omi níbi tí òyìnbó wà. Àwọn olórin tó ń ṣeré fún òyìnbó ní Myrtle Beach lálẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń padà sí láti sùn. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ wà nítòsí ilé wa ní Maryland pàápàá: Charles Douglass, ọmọ Frederick Douglass, ló dá Highland Beach sílẹ̀ ní 1893, lẹ́yìn tí wọ́n lé òun àti ìyàwó rẹ̀ kúrò níbi ìgbafẹ́ òyìnbó kan tó wà nítòsí ibẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi, wọ́n wo omi náà títí.

“Òkun tí Ọlọ́run dá,” ni wọ́n wí, “òun ni wọ́n ń pín ní púlọ́ọ̀tì-púlọ́ọ̀tì?”

Kí a tó wọ Charleston, ní Mount Pleasant, àwọn obìnrin Gullah máa ń pàtẹ agbọ̀n koríko létí ọ̀nà US 17. Ìran àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wá gbin ìrẹsì ni wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ yẹn sì ti bá wọn débẹ̀ láti ìgbà náà. Ọ̀sán gangan ni, ìyá àgbàlagbà kan ń hun tirẹ̀ lábẹ́ ìbòji. Màmá mi yí agbọ̀n náà wò, wọ́n wo ìdí rẹ̀, wọ́n béèrè iye rẹ̀, wọn ò sì nájà. Ó yà mí lẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í ná irú èyí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí ooru ò jẹ́ kí a lè rìn ní Charleston, a lo gbogbo àkókò náà nínú ilé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ní Gadsden's Wharf, èbúté tí wọ́n ti kó àìmọye ẹrú gúnlẹ̀.

Hunting Island ló tẹ́ mi lọ́rùn jù. Igbó ọ̀pẹ àti igi páìnì gùn dé etí omi gan-an. Òkun ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, igi tó ti wó sì wà káàkiri lórí iyanrìn, ṣùgbọ́n ìbòji wà, kò sì sí òpópónà aláriwo kankan nítòsí. Wàhálà ibẹ̀ ò ju ẹranko kékeré kan tó ń jẹ́ raccoon, tó ń wá oúnjẹ lóru, àti kòkòrò kékeré kan tó kéré ju ihò nẹ́ẹ̀tì lọ. Fáànù ló lé ìyẹn.

Láti ibẹ̀ la ti lọ sí Ọ̀yọ́túnjí, ní Sheldon, tí kò jìnnà sí ọ̀nà US 17. Ọba Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi, ọmọ Detroit, tó ti di olórìṣà ní Matanzas ní Cuba ní 1959, ló tẹ ìlú náà dó ní 1970. Ní 1981, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé fún un ní oyè ní Ilé-Ifẹ̀. Pátákó kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún àlejò pé ó ti kúrò ní Amẹ́ríkà, ó ti wọ ìlú Yorùbá.

“Èmi ò bọ òrìṣà o,” ni màmá mi ti ń wí láti inú mọ́tò.

Àfi bí ọ̀dọ́bìnrin kan ṣe jáde sí wa tó kúnlẹ̀ lórí iyanrìn gbígbóná, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Ìyá.” Ohùn Amẹ́ríkà ni, ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ náà kún. Màmá mi súre fún un títí. Nígbà tí wọ́n yíjú sí mi, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

“Láti ìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, ṣé àwọn ọmọ rẹ kúnlẹ̀ kí mi báyìí rí?”

Àwọn ọmọ wolẹ̀. Èmi náà wolẹ̀.

I-95 la gbà padà, ọ̀nà gbọọrọ tí kò ní òkun, tí kò ní iyanrìn, tí pátákó ìpolówó kún inú rẹ̀. Ìyàwó mi ti mú fóònù, ó ti ń wo ọdún tó ń bọ̀. Oṣù kẹsàn-án ló ń wù ú: lẹ́yìn Labor Day, èrò ti lọ, omi òkun ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, iye tí wọ́n ń gbà sì ti já wálẹ̀. Mo ní ilé ìwé á ti wọlé, oṣù kẹsàn-án gan-an sì ni ìjì líle máa ń pọ̀ jù létíkun yẹn. Ó ní oṣù karùn-ún ńkọ́? Mo ní ìdánwò. Títí a fi dé Richmond, a ò tíì fẹnu kò.